Ta Ló Ṣáná sí Ọkọ̀ Màdáámù Yip?

Ẹ́ńjìnnì náà dún dáadáa fún ìṣẹ́jú méjì péré. Bó ṣe ń gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn láti inú, kò, kò, kò, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tí sùúrù rẹ̀ ti tán. Salbiah ti ẹnu sukurudíráfà gígùn kan mọ́ ara irin, ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, ó gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan fa wáyà tọ́tù, èyí tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré. Dípò kí ẹ́ńjìnnì sáré, ńṣe ló wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó fẹ́ kú. Salbiah ní kí wọ́n pa á.

"Ó ti nọ́ọ̀kì," ni Ọ̀gá Lau, tó ni ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà, wí. "Ṣé ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè yín láti ilé nìyẹn, Sájẹ́ńtì? Obìnrin tó ń ta kọfí lódìkejì títì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wa."

"Kí ló dé tí ẹ kò pè é nígbà náà?" Salbiah kò wojú rẹ̀. "Kí ló ń mú un wúkọ́?"

"Nọ́ọ̀kì náà ni."

"Nọ́ọ̀kì kì í mú ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Àìsàn méjì ló wà lára ọkọ̀ yìí. Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń pariwo lé lórí."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Salbiah ọmọ Deraman fi yẹ ọkọ̀ wò fún àwọn ọlọ́pàá ìlú Ipoh. Ọdún kejì tó ti fẹ̀yìntì nìyí, ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá ní ẹ́ńjìnnì nínú, òun náà ni ọ̀gá àgọ́ máa ń ránṣẹ́ pè. Kì í mu tíì níbi iṣẹ́. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ojú òun ti rí fún òun.

Ẹjọ́ ọjọ́ náà kò gùn. Ọkọ̀ Morris kan ni, aláwọ̀ ewé, ti ọdún 1958. Olùkọ́ ìṣirò kan ló ni ín. Nígbà tó kú, ọkọ̀ náà dúró lábẹ́ àtíbàbà fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, opó rẹ̀, Màdáámù Yip, gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Lau pé kí wọ́n sọ ọ́ di bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ọkọ òun kọ́kọ́ fi gbé òun. Mẹkáníìkì àgbà tó wà níbẹ̀, Kathiravelu, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Velu, tú u palẹ̀, ó sì kó o jọ padà láàárín oṣù mọ́kànlá. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ṣáná sí i lójú Màdáámù àti ẹbí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kanlẹ̀kùn. Màdáámù ti ibẹ̀ lọ tààrà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní Velu mọ̀ọ́mọ̀ ba ọkọ̀ òun jẹ́ ni.

Kọ́nsítébù Jeffri ti wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí pẹ̀lú ìwé ìfẹ̀sùnkàn lọ́wọ́. Títí di aago mẹ́rin ni ọ̀gá àgọ́ fún Salbiah. Bí kò bá rí ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí Màdáámù sọ, Jeffri yóò mú Velu lọ. Velu ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń gbé inú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì tíì dúró níwájú ọlọ́pàá rí. Ó jókòó sórí àpótí igi kan, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Agogo ara ògiri ti lu méjì.

*

Màdáámù Yip gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé. Ó jókòó sórí rẹ̀ ní àárín ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọ̀pá rẹ̀ há àárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ bi í léèrè ohun tó sọ fún mi," ó wí.

"Ẹ̀yin ni mo ń bi," Salbiah dáhùn. "Kí ló sọ?"

"Ó ní ọkọ̀ yìí kò ní gbé mi dé ibì kankan. Lójú gbogbo ayé. Àwọn tó ń mu kọfí lódìkejì gbọ́. Ẹ lọ bi wọ́n. Àwọn náà ló sì ń pè é ní abaǹkanjẹ́ lónìí, kì í ṣe èmi nìkan."

Velu gbé orí sókè nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì tún gbé e sílẹ̀.

"Bàbá Velu, ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Kí ló fà á?"

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àga yẹn wá. Oṣù mọ́kànlá gbáko. Bí mo bá di nọ́ọ̀tì, wọ́n á ní ọkọ àwọn kì í dì í bẹ́ẹ̀. Bí mo bá tú u, wọ́n á ní ọkọ àwọn kì í tú u bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n já sípánà gbà lọ́wọ́ mi. Inú bí mi, mo sọ̀rọ̀."

"Inú bí i!" Màdáámù fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ̀. Kí lẹ tún ń wá?"

"Mò ń wá ẹni tó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹni tínú ń bí pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Inú ń bí èmi náà."

Jeffri rẹ́rìn-ín. Salbiah wò ó, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀.

*

Ẹnì kan wà tí Salbiah fẹ́ yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ kan sípánà. Wai Keong, ọmọ Màdáámù, fara ti ògiri, ó fi awò dúdú bojú lábẹ́ òrùlé. Kò fi pa mọ́ pé òun kò fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Ó ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá ti kú pé kó tà á. Ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ a máa rọrùn fún opó láti tà. Salbiah ro ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ wá síbí nínú oṣù tó kọjá," ó wí fún un.

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo wá ya fọ́tò ẹ̀. Ẹnì kan ní Penang fẹ́ rí i."

"Ṣé ẹ sọ fún ìyá yín?"

"Wọ́n ti wá gbọ́ báyìí," Wai Keong wí. Ìyá rẹ̀ ti yí ọrùn padà sí i bí ẹyẹ àwòdì.

"Ṣé ẹ ṣáná sí i?"

"Ṣé èmi náà jọ ẹni tó ń ṣáná sí irú nǹkan báyìí?"

"Ẹ wọlé. Ẹ ṣáná sí i kí n rí i."

Ó wọlé. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa kékeré tàn, ẹ́ńjìnnì kò mira. Ó tún yí i. Ó fi agbára yí i títí tí irin náà fi fẹ́ dá sí i lọ́wọ́. Ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan nu gíláàsì, ọ̀kan tan iná. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí i lágbárí.

"Bátìrì ti kú," ó wí.

"Bátìrì kò kú. Ní irú ọkọ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ kì í ṣáná. Ìkọ́ kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń fà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ẹni tó ń díbọ́n kì í làágùn bẹ́ẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ dá mọ́ òun lọ́wọ́. Salbiah pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lọ́kàn. Kò bínú pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí i. Ọ̀nà tí kò já síbì kan, ó sàn kéèyàn mọ̀ ọ́n.

*

"Bàbá Velu, ẹ tú abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ kúrò."

Ọ̀gá Lau fò dìde. "Òun kẹ̀? Ẹ fẹ́ kí ẹni tó ṣe é lọ nu ipa ọwọ́ ara ẹ̀ kúrò níbẹ̀?"

"Ẹ fẹ́ tú u fúnra yín?"

Ọ̀gá Lau wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún nìyí tó ti kúrò lábẹ́ ọkọ̀ lọ sídìí tábìlì. Ó jókòó padà.

Velu wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò pé ogójì ìṣẹ́jú tó fi to bẹ́rìn mẹ́jọ, méjì-méjì, sórí aṣọ mímọ́ kan níwájú Salbiah. Irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ bí èékánná ni wọ́n; àwọn ló máa ń gba kráńkì, ọ̀pá irin ńlá inú ẹ́ńjìnnì, mọ́ra kó lè máa yí láìha nǹkan. Ojú wọn yẹ kó máa dán bí ìkòkò tuntun. Gbogbo wọn ló ti jó, tí ojú wọn bó, tí wọ́n sì pọ́n láti etí kan dé èkejì.

Salbiah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe pé wọn kò dì wọ́n dáadáa ni, ọ̀kan ni ì bá jó, àwọn yòókù ì bá sì là. Bó bá ṣe pé ìdọ̀tí wọ inú ọ́ìlì ni, ìlà ni ì bá fà sójú wọn. Bí ihò ọ́ìlì kan bá dí, èyí tó jìnnà jù lọ ni ì bá kọ́kọ́ kú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kú pọ̀, ikú kan náà, ní ọjọ́ kan náà.

"Wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì yìí láìsí ọ́ìlì," ó wí. "Kì í ṣe ọ́ìlì díẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Kò sí rárá ni."

Gbogbo ojú yí sí Velu.

"Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo da ọ́ìlì kún un lójú wọn," Velu wí. "Gálọ́ọ̀nù tuntun ni. Màdáámù rí i."

"Mo rí i," Màdáámù wí, kò fẹ́ sọ ọ́.

"Nígbà wo lẹ ti kó ẹ́ńjìnnì jọ tán?"

"Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà. Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná sí i títí oṣù keje yóò fi kọjá."

"Ó dájú!" Ọ̀gá Lau wí. "Nínú kàlẹ́ńdà àwọn baba wa, oṣù keje ni àwọn òkú ń rìn káàkiri. Ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun nínú ẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ilé tuntun, kò sí ẹ́ńjìnnì tuntun. Bàbá mi kò ṣe é rí, èmi náà kò sì ní ṣe é."

"Odindi oṣù kan ni ẹ́ńjìnnì fi wà láìsí ọ́ìlì nínú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe," Velu dáhùn. "Ọjọ́ tí màá kọ́kọ́ ṣáná ni mo máa ń da ọ́ìlì sí i. N kì í jẹ́ kó dúró lásán."

"Ta ló mọ̀ pé kò sí ọ́ìlì níbẹ̀?"

Velu wo Salbiah lójú. Ó mọ ibi tí ìbéèrè náà ń lọ. Kò yà fún un.

"Èmi."

"Ta tún ni?"

"Kò sí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Ta ni màá tún máa sọ fún?"

Màdáámù Yip na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Ó tán! Òun nìkan ló mọ̀. Inú ń bí i. Ó ṣáná sí i láìsí ọ́ìlì, ó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ mi, ó wá ń da ọ́ìlì sí òkú lójú mi!"

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá a dé ibẹ̀, Sájẹ́ńtì," Ọ̀gá Lau wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. "Ó dùn mí o. Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ wà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni."

Jeffri ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Aago lé ní mẹ́ta.

"Dá a padà sí ìbàdí rẹ," Salbiah wí fún un. "Ó ṣẹ́ku àìsàn kan tí n kò tíì wò."

*

Kabúrétọ̀ irú ọkọ̀ náà, ibi tí afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù ti ń pò pọ̀, ní irin kan lórí tó rí bí agogo. Nínú agogo yẹn ni písítìnì kékeré kan wà tó gbọ́dọ̀ máa lọ sókè, kó máa bọ̀ wálẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí àyà ẹni tó ń sùn. Salbiah ti ìka bọ ẹnu kabúrétọ̀, ó gbé e sókè. Ó há sí àárín ọ̀nà. Ó tì í, ó tún há. Ẹ́ńjìnnì tí èyí bá há mọ́ nínú kò lè rí afẹ́fẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tó fi ń wúkọ́.

Ó tú agogo náà, ó sì gbé e lọ sí ibi tí oòrùn ti wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Eérú wà lára rẹ̀, eérú fúyẹ́, aláwọ̀ òjò. Ó fi ìka nù ún. Nínú eérú náà, ohun kan dán. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ yọ ọ́ sórí bébà funfun. Lẹ́yìn náà ó tún yọ mìíràn. Ẹ̀rúnrún bébà tí iná kò jẹ tán ni, kò ju orí eèrà lọ. Àwọ̀ wúrà wà lójú rẹ̀.

"Bàbá Velu, kí lẹ fi bo ẹnu kabúrétọ̀ yìí nínú oṣù keje?"

"Aṣọ. Asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń kùn ún lọ́dà, mo wá di aṣọ mọ́ ọn lẹ́nu kí kòkòrò má wọ̀ ọ́."

"Ọjọ́ tí ẹ tú aṣọ náà ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, dídì ló wà."

"Kí lẹ rí?" ni Ọ̀gá Lau béèrè.

"Eérú bébà tí ẹ̀yin máa ń sun fún àwọn òkú."

Ọ̀gá Lau rẹ́rìn-ín gidi fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ìyẹn náà lẹ fi ń gba àkókò wa? Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje, gbogbo títì yìí ló ń jó. Eérú wọ inú ọbẹ̀. Eérú wọ etí mi. Kí ni kò ní wọ kabúrétọ̀ fún?"

Ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè. Salbiah gbà fún un lọ́kàn, ó sì gbé e yẹ̀ wò bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ó yí padà sí Màdáámù Yip.

"Màdáámù, bébà wo lẹ sun ní títì lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún?"

"Fàdákà. Kí ni mo tún máa sun?"

"Wúrà ńkọ́?"

"Wúrà?" Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó ń wo aláìmọ̀kan. "Àwọn òkú tó ń rìn kiri kì í gba wúrà. Fàdákà ni tiwọn. Àwọn òrìṣà ló ni wúrà. Ọmọ kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wá wo èyí."

Màdáámù dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó tẹrí ba mọ́ bébà funfun náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó nà ró, kò wo Velu mọ́.

"Wúrà ni," ó wí.

*

Salbiah nu ọwọ́. Kò gbé ohùn sókè.

"Eérú títì kò lè wọ ẹnu tí wọ́n fi aṣọ dì. Ẹnì kan tú aṣọ náà, ẹnì kan sì tún un dì. Òkú kì í di aṣọ padà. Ibi tí eérú sì dé nínú kabúrétọ̀ yìí, kò lè débẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì kò bá ń fà á. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí bébà wúrà ń jó, iwájú ọkọ̀ ló sì ti ń jó, tòsí, níbi tí fáànù ti lè fà á mọ́ra. Nínú ṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe ìta."

"Ẹnikẹ́ni kì í dáná nínú ṣọ́ọ̀bù mi," Ọ̀gá Lau wí. "Bẹntiróòlù wà níbí."

"Mo mọ̀. Mo rí i tí ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ kò ní jókòó sun wúrà fún òrìṣà lórí rẹ̀. Ẹni tó sun wúrà ń bẹ̀bẹ̀ ni. Kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tuntun nínú oṣù keje, ẹ̀rù sì ń bà á. Kò mọ̀ pé kò sí ọ́ìlì. Àwọn òkú ni ẹ̀rù wọn ń bà á, kì í ṣe irin."

Ó tọ́ka sí igun ṣọ́ọ̀bù náà. Ilé pupa kékeré kan wà níbẹ̀, tí ère bàbá arúgbó kan tó dé fìlà dúdú jókòó sínú rẹ̀. Datuk ni wọ́n ń pè é, òrìṣà àgbà tó ni ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù náà wà lórí rẹ̀.

"Mùsùlùmí ni mí. N kò mọ ohun tó wà nínú ilé yẹn, n kò sì ní súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú tùràrí, kó búra níwájú rẹ̀ pé òun kò ṣáná sí ọkọ̀ yìí nínú oṣù keje."

"Eré ọmọdé," ni Ọ̀gá Lau wí.

"Wọ́n máa búra!" Màdáámù Yip fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Gbogbo wọn! Kí onílẹ̀ mú ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ ẹni tó bá purọ́."

Velu kọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi òdòdó síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, torí ilẹ̀ tó ń sùn lé lórí ni. Ó gbé tùràrí sókè, ó sọ̀rọ̀ náà ketekete, ó gún un mọ́lẹ̀, ó padà sórí àpótí rẹ̀. Wai Keong tẹ̀lé e. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, ṣùgbọ́n kí ìyá òun má bàa yọ òun lẹ́nu, òun búra.

Ó wá ku ẹnì kan.

Ọ̀gá Lau mú tùràrí. Ó rìn dé iwájú ilé pupa náà. Ó gbé ọwọ́ sókè. Èéfín ń lọ tààrà, lẹ́yìn náà kò lọ tààrà mọ́. Ó la ẹnu. Gbogbo wọn gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń wọlé tó ń jáde. Eérú tùràrí já bọ́ sí i lórí ọwọ́, kò gbọn ọ́n dànù.

"Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù," ó wí, kò yíjú padà. "Kí ni mo ń búra fún?"

"Ẹ ti bá Datuk sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan," ni Salbiah wí. "Ẹ ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀. Báwo lẹ ṣe tún máa sọ fún un pé ẹ kò ṣe é?"

Tùràrí náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*

"Ọkùnrin kan ló wá láti Kuala Lumpur," Ọ̀gá Lau wí nígbà tí wọ́n fún un ní àga. "Ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́fà ló ní. Ó ń wá ẹni tó máa tún wọn ṣe. Ó ní kí n jẹ́ kóun gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí ṣọ́ọ̀bù mi kó jọ. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni. Kò ní padà wá mọ́."

"Níbo ni Bàbá Velu wà?"

"Ó lọ sí Taiping. Ọmọ ẹ̀ bímọ. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sun wúrà sínú agolo níwájú ọkọ̀. Ọkùnrin yẹn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ṣáná. Ó dún dáadáa, mo fi Ọlọ́run búra, ó dún bí ẹ́ńjìnnì tuntun. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ ẹ̀, ó lọ. Mo rò pé ọ́ìlì wà nínú ẹ̀! Ta ló ń kó ẹ́ńjìnnì jọ tí kì í da ọ́ìlì sí i?"

"Ta ló ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tí kì í kọ́kọ́ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì wò?" Velu béèrè.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kanlẹ̀kùn," Salbiah wí, "ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Velu ṣáná sí i lójú gbogbo èèyàn. Ẹ sì jókòó síbí lónìí, ẹ ní ó dùn yín."

"Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bí mo ṣe rò," Ọ̀gá Lau wí. "Nígbà tí Màdáámù ti lọ sí àgọ́..."

"Mú un!" Màdáámù Yip yí sí Jeffri. "Kí lò ń dúró wò? Mú òun náà lọ!"

Jeffri wo Salbiah. Salbiah wo Velu.

"Ẹ kọ́kọ́ fagi lé orúkọ mi nínú ìwé yẹn," Velu wí fún obìnrin náà. "Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ tó pàṣẹ."

Ojú Màdáámù pọ́n. Ó gba bírò lọ́wọ́ Jeffri, ó fa ìlà gba orí ìwé ìfẹ̀sùnkàn náà kọjá, ó sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì. Velu kò dúró dè é.

"Ṣé ẹ máa tún un ṣe?" Màdáámù béèrè. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó pe ọkùnrin náà ní "ẹ". "Ẹ́ńjìnnì ọkọ mi. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Kráńkì náà ṣeé fá. Ó ṣeé tún ṣe." Velu dìde. "Ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan lónìí tí wọ́n bá ṣì ń pè mí ní abaǹkanjẹ́ lódìkejì. Inú ṣọ́ọ̀bù níbí ni Ọ̀gá ti jẹ́wọ́. Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n ti bà mí jẹ́."

Ọ̀gá Lau gbé ojú sókè. Ó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Àwọn tó wà lódìkejì títì, àwọn ló ń pè é sí àga iwájú bí ìpàdé bá wà. Àwọn ló ń bá mu kọfí láràárọ̀ láti ọjọ́ tó ti jogún ṣọ́ọ̀bù.

"Sájẹ́ńtì," ó wí, "ẹ jẹ́ kí Jeffri mú mi lọ."

"Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín," Salbiah dáhùn, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. "Ìwé kan ṣoṣo ló wà, wọ́n sì ti fagi lé e. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Iṣẹ́ mi parí."

Ọ̀gá Lau dìde. Ó na ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó sọdá títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, alùpùpù kan sì bú u. Ó dúró láàárín àwọn tábìlì. Àwọn tó ń mu kọfí gbé orí sókè. Ẹnì kan fa àga fún un, kò jókòó. Ẹnu rẹ̀ ń mira. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

Velu ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún ọ́ìlì. Ó tẹ́tí títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Sọ ọ́ sókè," ó kígbe. "Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."